Òfin àkọsílẹ̀ oníbàárà: Báǹkì àti Meta ni wọ́n ń bu ìtanràn lé, àmọ́ ìsọ̀ kékeré ni ihò náà wà

Ẹni tí kò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni á jókòó jẹ́jẹ́ sí ilé rẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ á sì wọlé sórí fóònù rẹ̀ pé kó bá àwọn kìlọ̀ fún lágbájá, nítorí pé olè ni, ó ti gbówó àwọn sá lọ. Ìgbà míì, àwòrán lágbájá náà á wà níbẹ̀, wọn á ti kọ ọ́ sí i lára pé ọ̀daràn tí wọ́n ń wá ni. Bí irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ti dé ọ̀dọ̀ aya, ó ti dé ọ̀dọ̀ àna nìyẹn, ó ti dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ tàbí ààfáà, ó ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá níbi iṣẹ́, kódà ó ti dé ọ̀dọ̀ káfíńtà tó bá wọn kan ilẹ̀kùn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ onígbèsè ọ̀hún kò sì ju pé ó yá ẹgbẹ̀rún mélòó kan náírà lórí áàpù tó ń yáni lówó, tí ọjọ́ tó yẹ kó dá a padà sì kọjá lọ.

Láàárín ọdún 2020 sí 2022, irú ìròyìn báyìí kò wọ́n ní Èkó, ní Ìbàdàn àti káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ tó gbọ́ ọ ló sọ pé kí ẹni tó jẹ gbèsè lọ san gbèsè rẹ̀. Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó ní kí ènìyàn má san gbèsè. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí wọn kò béèrè: níbo ni àwọn sogúndogójì orí fóònù wọ̀nyí ti rí nọ́ńbà káfíńtà? Orí fóònù onígbèsè ni wọ́n ti kó o. Nígbà tó ń gba áàpù náà sórí fóònù rẹ̀, áàpù bi í bóyá òun lè wo gbogbo orúkọ àti nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí bí kò bá tẹ̀ ẹ́, owó kò ní jáde. Káfíńtà kò tẹ ohunkóhun. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan.

Lóṣù Kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA, tó ń bá ìjọba àpapọ̀ mójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù Soko Loan lórí ọ̀rọ̀ tó jọ èyí gan-an. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ aráàlú ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ pé ìlànà kan tilẹ̀ wà tó sọ pé ilé-iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ máa fi orúkọ àti nọ́ńbà ènìyàn ṣe bó ṣe wù ú. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní kékeré. Ó ti di òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe, ó ti ní àjọ tirẹ̀, wọ́n sì ti fi bu ìtanràn lé báǹkì, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn àti ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ni Facebook. Ohun tí àwọn tó ń ṣòwò kékeré kò tíì mọ̀, tó sì yẹ kí wọ́n tètè mọ̀, ni pé òfin yìí mọ ọ̀nà ìsọ̀ tiwọn náà.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún un gan-an ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Bí wọ́n bá pe dátà létí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, èyí tí wọ́n ń fowó rà sórí fóònù láti fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ń wá sí wọn lọ́kàn. Dátà tí òfin ń sọ yàtọ̀ sí ìyẹn. Orúkọ ẹni ni, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, nọ́ńbà BVN ti báǹkì, àwòrán, ìtẹ̀ka, àìsàn tó ń ṣeni, ẹ̀sìn tí ènìyàn ń ṣe, àti ibi tó wà bí fóònù rẹ̀ ṣe ń tú u fó. Ohunkóhun tí wọ́n bá lè tọ̀ dé ọ̀dọ̀ ènìyàn kan pàtó wà nínú rẹ̀. Ó gbòòrò ju àṣírí lọ, torí pé orúkọ ènìyàn kì í ṣe àṣírí, síbẹ̀ òfin dáàbò bò ó. Àkọsílẹ̀ nípa ẹni ni ìròyìn yìí yóò máa pè é.

Ìlànà tí NITDA fi mú Soko Loan ti wà láti oṣù Kìíní ọdún 2019. Àléébù tó ní ni pé àjọ ìjọba kan ló gbé e kalẹ̀, kì í ṣe òfin tí àwọn aṣòfin jókòó ṣe, agbára rẹ̀ kò sì ju agbára ìlànà lọ. Lóṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, wọ́n sì fi Dókítà Vincent Ọlátúnjí ṣe olórí rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹfà, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, tí kò tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí oyè, fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa aráàlú, ọ́fíìsì náà sì di àjọ tó dá dúró, NDPC. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹfà jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ Olóyè MKO Abíọ́lá àti ìbò ọdún 1993. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kò fi gbọ́ pé wọ́n fọwọ́ sí òfin míì lọ́jọ́ náà.

Kì í ṣe pé ẹ̀tọ́ yìí kò sí tẹ́lẹ̀ o. Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ti sọ pé ilé aráàlú, lẹ́tà rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí tẹlifóònù àti tẹlifíráàmù rẹ̀ kò ṣeé tú wò lásán. Tẹlifíráàmù kò sí mọ́, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ ti fẹ ọ̀rọ̀ náà lójú. Lọ́dún 2018, nínú ẹjọ́ tí agbẹjọ́rò kan pe ilé-iṣẹ́ fóònù Etisalat, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé bí nọ́ńbà oníbàárà ṣe dé ọwọ́ àwọn tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó dà á láàmú tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú. Lọ́dún 2021, ẹ̀ka ilé-ẹjọ́ náà tó wà ní Ìbàdàn sọ nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò kan pe àjọ NIMC, tó ń ṣètò nọ́ńbà NIN, pé ààbò àkọsílẹ̀ nípa ẹni wà lára ẹ̀tọ́ tí abala 37 fún aráàlú. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó tí wọ́n kó wọ̀lú lánàá ni, kó lọ ka ìdájọ́ Ìbàdàn.

Kí wá ni òfin ọdún 2023 sọ? Kò sọ pé kí oníṣòwò má gba orúkọ oníbàárà. Ó ní tó bá gbà á, kó ní ìdí tó bófin mu, kó sì sọ ìdí náà fún ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ náà nílò nìkan ni kó gbà, kò gbọ́dọ̀ lò ó fún nǹkan míì tí wọn kò jọ sọ, kó sì pa á rẹ́ nígbà tí kò bá wúlò mọ́. Ìyọ̀ǹda oníbàárà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìdí tó bófin mu, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́: báǹkì tí òfin ní kó gba BVN kò nílò kó máa bẹ oníbàárà kó tó gbà á. Àmọ́ níbi tó bá ti jẹ́ ìyọ̀ǹda ni wọ́n gbára lé, òfin sọ pé dídákẹ́ kì í ṣe gbígbà, àti pé ẹni tó gbà lónìí lè sọ lọ́la pé òun kò gbà mọ́. Ọ̀rọ̀ 'ẹni tó bá dákẹ́ ti gbà' kò wúlò níbí.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ààbò. Bí àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bá jò síta, ìbáà jẹ́ àwọn ọmọ Yàhúù ló wọlé sórí kọ̀ǹpútà wọn, tàbí òṣìṣẹ́ ló gbé láptọ́ọ̀pù sọnù nínú bọ́ọ̀sì, tí ìjò náà sì lè pa ẹnikẹ́ni lára, wákàtí 72 péré ni ilé-iṣẹ́ ní láti sọ fún NDPC. Bí ewu náà bá pọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn tó ni àkọsílẹ̀ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lọ́dún 2024, wọ́n tún òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe, òun náà sì ní kí wọ́n fi irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó ibùdó ààbò orí kọ̀ǹpútà ti ìjọba létí láàárín wákàtí 72, dípò ọjọ́ méje tó wà tẹ́lẹ̀. Ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn yóò ti ròyìn nìyẹn. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni àṣà wọn jẹ́ pé bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ kí orúkọ wọn má baà bàjẹ́. Bíbò ó mọ́lẹ̀ ti di ẹ̀ṣẹ̀ báyìí.

Ìtanràn tó kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn ọ̀gá báǹkì dìde jókòó ni ti Fidelity Bank. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2024, NDPC bu mílíọ̀nù 555.8 náírà lé báǹkì náà. Ẹnìkan ló mú ẹjọ́ lọ bá àjọ náà lọ́dún 2023 pé wọ́n fi àkọsílẹ̀ òun ṣí àkáǹtì láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òun. Àjọ náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ní òun tún rí àléébù nínú bí áàpù àti ìkànnì báǹkì náà ṣe ń kó àkọsílẹ̀ jọ. Báǹkì náà kò gbà. Ó ní òun kò rú òfin kankan, pé ẹnìkan ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àkáǹtì náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò parí rẹ̀, àti pé àkáǹtì náà kò ṣiṣẹ́ rí. Ohun tó yẹ kí ènìyàn wò nínú ọ̀rọ̀ yìí ni bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò sí jàǹdùkú kankan tó fọ́ báǹkì, kò sì sí owó oníbàárà tó sọnù. Àkáǹtì kan ṣoṣo ni, ẹnìkan ṣoṣo ló sì fẹjọ́ sùn.

Ẹ tún wo iye owó náà dáadáa. Mílíọ̀nù 555.8 pọ̀ létí, ṣùgbọ́n ìdá kan péré nínú ẹgbẹ̀rún owó tó wọlé fún báǹkì náà lọ́dún 2023 ni. Òfin gba NDPC láyè láti bu ìtanràn tó tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan, ìyẹn ì bá sì ti lé ní bílíọ̀nù 11 náírà. Àjọ náà fi ọwọ́ rọ̀ ọ́ fún wọn ni.

Lóṣù Keje ọdún 2025, ó kan MultiChoice, ilé-iṣẹ́ tó ni DStv àti GOtv. Mílíọ̀nù 766.2 náírà ni ìtanràn tiwọn. NDPC ní wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà wọn lójú, wọ́n sì ń kó àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ sí ilẹ̀ òkèèrè láìtẹ̀lé òfin. Ọ̀rọ̀ àwọn tí kì í ṣe oníbàárà wọn rárá, àmọ́ tí àkọsílẹ̀ wọn dé ọwọ́ wọn, wà nínú ẹ̀sùn náà pẹ̀lú.

Ti Meta, tó ni Facebook, Instagram àti WhatsApp, ló le jù. FCCPC, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà, ló ṣíwájú nínú ìwádìí náà, wọ́n sì lo oṣù 38 lé e lórí. Orí àdéhùn tuntun tí WhatsApp gbé síwájú àwọn ènìyàn lọ́dún 2021 ló ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó jẹ́ pé bí o kò bá gbà á, kí o wábi gbà. Lóṣù Keje ọdún 2024, FCCPC bu mílíọ̀nù 220 dọ́là lé wọn. Meta gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ tó wà fún irú rẹ̀, ó sì pàdánù lóṣù Kẹrin ọdún 2025. NDPC náà ti bu mílíọ̀nù 32.8 dọ́là tirẹ̀ lọ́tọ̀ lóṣù Kejì ọdún kan náà, lórí ìpolówó tí wọ́n ń fi ìṣesí ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì dárí sí i. Ìyẹn dé ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábùjá kí wọ́n tó jọ yanjú rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ kí ọdún 2025 tó parí. Láàárín gbogbo wàhálà yìí, Meta sọ nínú ìwé ẹjọ́ pé ó ṣeé ṣe kí òun ti Facebook àti Instagram pa ní Nàìjíríà. Àwọn ìyá tó ń ta aṣọ lórí Facebook ló kọ́kọ́ gbọ̀n nígbà tí wọ́n gbọ́ ìyẹn, kì í ṣe àwọn ọ̀gá Meta.

Bí ènìyàn bá ka àwọn ìtanràn wọ̀nyí tẹ̀lé ara wọn, yóò rò pé òfin ti ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n níbi tí ojú ti tó o ni. Báǹkì ní olú ilé-iṣẹ́, ó ní agbẹjọ́rò, ó ní ìwé ìṣirò owó tí gbogbo ayé ń kà. Ó rọrùn láti mú. Ibi tí àkọsílẹ̀ ti ń jò gan-an kò jọ ibẹ̀ rárá.

Lóṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ Paradigm Initiative, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fi hàn pé ìkànnì kan wà tí wọ́n ti ń ta NIN, BVN àtàwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ ní 100 náírà ẹyọ kan. Wọ́n ra ti Dókítà Bọ́sún Tìjání, tó jẹ́ mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀ nígbà náà, láti fi ṣe ẹ̀rí. Oṣù mẹ́ta ṣáájú rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ìròyìn FIJ ti kọ́kọ́ tú àṣírí ìkànnì míì tó ń ṣe irú rẹ̀. Àjọ NIMC ní kò sẹ́ni tó fọ́ ibi tí àwọn kó nǹkan pamọ́ sí, pé ohun tí àwọn ènìyàn fúnra wọn tẹ̀ sórí irú àwọn ìkànnì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ. Ẹ jẹ́ ká gbà fún NIMC pé bó ṣe rí nìyẹn. Ìdáhùn náà kò tu ẹni tí NIN rẹ̀ ti di ọjà nínú. Ọgọ́rùn-ún náírà kò ra búrẹ́dì, ṣùgbọ́n ó ra mínísítà.

Níbo ni àwọn aráàlú máa ń tẹ NIN wọn sí, tí wọ́n sì máa ń fi sílẹ̀? Ẹni tó bá ń gbé Mushin tàbí Agodi mọ ìdáhùn. Ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tẹ ìwé NIN ni, abẹ́ agboòrùn tí wọ́n ti ń fi orúkọ síìmù káàdì sílẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ oní-POS tó ní kí oníbàárà kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé ni. Òtẹ́ẹ̀lì kékeré tó ya fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ àlejò sórí fóònù ẹni tó wà ní ẹnu ọ̀nà wà níbẹ̀. Ilé-ìwòsàn aládàáni tó to fáìlì aláìsàn sórí tábìlì tí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè kà wà níbẹ̀. Ilé-ìwé aládàáni tó ń gbé àwòrán àwọn ọmọ àti orúkọ wọn sórí Facebook láti fi polówó, láìbi òbí, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Fọ́tòkọ́pì NIN tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ayálégbé máa ń padà di ìwé tí wọ́n fi ń di àkàrà. Kò sí olè kankan nínú gbogbo wọn. Àìbìkítà lásán ni, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ibi kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rí orúkọ, ọjọ́ ìbí àti NIN ẹlòmíì lè gbìyànjú láti fi yáwó lórúkọ rẹ̀, tàbí kó fi gba síìmù. Tí ọlọ́pàá bá wá ń tọ síìmù náà lẹ́yìn, ilé aláìmọ̀kan ni wọn yóò dé.

Òfin kò sì gbàgbé àwọn ìsọ̀ wọ̀nyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kò mọ̀. Lóṣù Kejì ọdún 2024, NDPC ṣe àlàyé àwọn tó gbọ́dọ̀ wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó pín wọn sí ìpele mẹ́ta. Àwọn tó ń lo àkọsílẹ̀ ènìyàn tó lé ní 5,000 láàárín oṣù mẹ́fà, bíi báǹkì ńlá àti ilé-iṣẹ́ fóònù, yóò san 250,000 náírà. Àwọn tó lé ní 1,000 yóò san 100,000. Ìpele tó kẹ́yìn ni àwọn tó lé ní 200, tí wọ́n sì dárúkọ àwọn okòwò kéékèèké, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, àtàwọn aṣojú tó ń bá ilé-iṣẹ́ míì gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ aráàlú: 10,000 náírà ni tiwọn. Igba ènìyàn láàárín oṣù mẹ́fà! Ilé-ìwé aládàáni wo ló wà ní Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta tí kò ní igba akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí nínú ìwé rẹ̀? Oní-POS tó bá jókòó sí iwájú ọjà yóò ti rí igba ènìyàn kí ọ̀sẹ̀ kan tó parí, bó bá sì ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bá a.

Ibi tó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ kà nìyí. Gbogbo ẹni tó bá wà nínú ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, títí kan ilé-ìwé tó ní akẹ́kọ̀ọ́ igba ó lé díẹ̀, ni òfin kà sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe pàtàkì. Ìtanràn tó ga jù tí wọ́n lè bu lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Fún àwọn tó kéré sí ìyẹn, mílíọ̀nù méjì ni tàbí ìdá méjì náà. Fún báǹkì, ìdá méjì ló máa ń pọ̀ jù. Fún ilé-ìwé tí gbogbo owó tó wọlé fún un lọ́dún kò ju mílíọ̀nù 15 lọ, mílíọ̀nù 10 ló pọ̀ jù, ìdá méjì nínú mẹ́ta owó náà sì ni. Ohun tí òfin gbà láyè nìyẹn, kì í ṣe ohun tí wọ́n ti ṣe fún ilé-ìwé kankan, NDPC sì lè bu èyí tó kéré gan-an. Síbẹ̀, báǹkì fi ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ. Bí òfin bá wá mú oníṣòwò kékeré lọ́jọ́ kan, kò sí ohun tó sọ pé ìwọ̀n kan náà ni wọn yóò lò fún un, àfi kí àwọn tó ń mú òfin ṣẹ fúnra wọn ní àánú.

Ẹjọ́ àwọn oníṣòwò náà kò ṣeé dá lẹ́bi tán. Wọ́n ń sanwó fún ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ń sanwó fún ìpínlẹ̀, wọ́n ń san owó pátákó, owó ilẹ̀, owó orí. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ tún fẹ́ máa yọ owó ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì nínú owó tí àwọn ènìyàn bá fi ránṣẹ́ ní báǹkì, kí ariwo tó mú wọn dá a dúró. Nínú irú ipò yìí, tí ẹnìkan bá tún gbé ìwé 10,000 náírà míì dé, ohun tí oníṣòwò máa kọ́kọ́ rò ni pé agbowó-òde tuntun ló dé. NDPC kò tíì ṣe tó láti yí èrò yẹn padà. Ohun tí wọ́n bá ń sọ l'Ábùjá, èdè òyìnbó àwọn agbẹjọ́rò ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ó sì ń pẹ́ kó tó dé Gbági tàbí Aláàbà. Ìlànà gígùn tí wọ́n gbé jáde lóṣù Kẹta ọdún 2025 láti ṣàlàyé òfin náà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, tó sì gba ipò ìlànà àtijọ́ ti ọdún 2019, kì í ṣe ohun tí olùdásílẹ̀ ilé-ìwé lè kà yé láàárín ìsinmi ọ̀sán.

Nígbà tí àjọ náà bá sì nawọ́, ibi tó ti mọ́ ọn lára ló ń nawọ́ sí. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2025, ó fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó lé ní 1,300 ní ọjọ́ 21 láti wá fi hàn pé àwọn ń tẹ̀lé òfin. Àwọn tó ń ṣòwò owó ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò àtàwọn tó ń bá wọn wá oníbàárà tẹ̀lé e, àwọn onítẹ́tẹ́ àti àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì náà wà níbẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ́fíìsì ìjọba tó ń gba NIN lọ́wọ́ aráàlú lójoojúmọ́ kò sí nínú àwọn ẹ̀ka tí wọ́n kéde nínú ìwé náà, bẹ́ẹ̀ òfin náà kò yọ wọ́n sílẹ̀.

Ní ti àwọn áàpù tó ń yáni lówó, ilẹ̀ ti ń há fún wọn díẹ̀díẹ̀. Láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Google ti sọ pé áàpù ìyáwó tó bá fẹ́ máa wo orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lórí fóònù, tàbí àwòrán tó wà níbẹ̀, kò ní sí nínú ọjà òun. Lóṣù Keje ọdún 2025, FCCPC gbé ìlànà tuntun jáde fún gbogbo àwọn tó ń yáni lówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìtanràn tó wà nínú rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 100 náírà tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n sì lè ní kí àwọn olùdarí rẹ̀ má ṣe olùdarí mọ́ fún ọdún márùn-ún. Soko Loan, tí wọ́n bu mílíọ̀nù 10 lé lọ́dún 2021, bọ́ sí àsìkò tí ọjà ṣì rọ̀.

Owó ìtanràn wọ̀nyí, àpò ìjọba ni wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀ aráàlú ló rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, tí wọn kì í fi fẹjọ́ sùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ọdún 2023 fún NDPC lágbára láti pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ san owó gbà-má-bínú fún ẹni tí ìwà rẹ̀ pa lára, ó sì fún ẹni náà láyè láti gba ilé-ẹjọ́ lọ fúnra rẹ̀. Káfíńtà tí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ dà láàmú lórí gbèsè tí kò jẹ lè mú ẹjọ́ tirẹ̀ lọ. Kò pọn dandan kó ti bá ilé-iṣẹ́ náà dòwò pọ̀ rí. Àwọn tí kì í ṣe oníbàárà wà lára àwọn tí NDPC tìtorí wọn mú MultiChoice.